Malcolm Marshall, Abẹ́rẹ́ Tí Kò Ṣeé Mì

Ẹni tí ó bá rí àwọn ajùbọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì West Indies ní ọdún 1984, bí wọ́n ti ń tò wọ inú pápá, tí ó wo Joel Garner tí gíga rẹ̀ ju mítà 2 lọ, tí ó sì wo Michael Holding tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún létí adájọ́ eré títí bọ́ọ̀lù yóò fi kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó má ka ọkùnrin kúkúrú tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn sí rárá. Ọkùnrin náà kò ga ju nǹkan bí mítà 1.80 lọ, èyí tí í ṣe gíga ẹnikẹ́ni tí a lè bá pàdé lójú títì, kò sì sí ohun kan ní ìrísí rẹ̀ tí ó sọ pé jagunjagun ni. Ṣùgbọ́n bí a bá bi àwọn ọ̀gá oníbáàtì ìgbà náà léèrè ẹni tí ọkàn wọn kì í balẹ̀ bí wọ́n bá rí i lókèèrè, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò dárúkọ rẹ̀ ṣáájú àwọn òmìrán. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kékeré ni abẹ́rẹ́ wà, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Malcolm Denzil Marshall ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Barbados, akérékorò lójú pápá. Èrò tèmi sì ni pé nínú gbogbo àwọn tí ó ti fi eré kíkan ju bọ́ọ̀lù láti ìgbà tí eré yìí ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tí ó fi ẹ̀kọ́ kíkọ́ kún agbára tó o.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ yà sí ọ̀rọ̀ eré náà fúnra rẹ̀, nítorí ní ilẹ̀ wa bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ti gba gbogbo ojú, àti pé yàtọ̀ sí àwọn tí ó lọ sí King's College l'Ékòó tàbí Government College ní Ìbàdàn, àti àwọn tí ń gba etí pápá Tafawa Balewa kọjá, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó mọ bí kíríkẹ́ẹ̀tì ti ń lọ. Ẹgbẹ́ méjì ni ó ń bá ara wọn díje, ènìyàn 11 ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Láàrin pápá, wọ́n a ri igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta mọ́lẹ̀ ní ìpẹ̀kun méjèèjì ojú ilẹ̀ líle kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mítà 20. Àwọn igi wọ̀nyí ni wíkẹ́ẹ̀tì. Oníbáàtì a dúró síwájú igi tirẹ̀, a fi báàtì ọwọ́ rẹ̀ dáàbò bò ó, a sì máa gbá bọ́ọ̀lù jìnnà kí òun àti ẹnì kejì rẹ̀ lè ráyè sáré pààrọ̀ ibùdúró kí wọ́n sì jẹ ayò. Ajùbọ́ọ̀lù ní tirẹ̀ a sáré bọ̀ láti òdì kejì, a na apá gbọnrangandan láìká ìgúnpá kò, a sì ju bọ́ọ̀lù awọ pupa líle náà kí ó lè wó igi oníbáàtì lulẹ̀, tàbí kí ó tan oníbáàtì jẹ títí yóò fi gbá a sókè tí àwọn ẹlẹgbẹ́ ajùbọ́ọ̀lù yóò sì hán an kí ó tó balẹ̀. Bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá ṣẹlẹ̀, oníbáàtì ti kú lójú eré nìyẹn, a ó sì ka wíkẹ́ẹ̀tì kan fún ẹni tí ó jù ú. Èyí tí ó ga jù nínú gbogbo ọ̀nà tí a ń gbà ṣe eré náà ni Test, tí orílẹ̀-èdè kan ń bá òmíràn ṣe fún ọjọ́ 5, òun sì ni òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ akọni.

Bọ́ọ̀lù tí ọ̀gá nínú àwọn ajùbọ́ọ̀lù bá jù a máa sá tó kìlómítà 140 ní wákàtí kan. Kò tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá tí oníbáàtì ní láti rí i, láti mọ ibi tí yóò balẹ̀ sí, àti láti pinnu bóyá iwájú ni yóò fi ẹsẹ̀ sí ni tàbí ẹ̀yìn. Bí ajùbọ́ọ̀lù bá sì fẹ́, ó lè là á mọ́lẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà kí ó ta sókè wá sí àyà tàbí orí ẹni tí ó dúró. Eré ni a ń pè é, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ti dúró níwájú irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ rí tí yóò pè é ní eré ọmọdé.

Erékùṣù kékeré ni Barbados, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù Káríbíà tí ó pa pọ̀ di ẹgbẹ́ West Indies, gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí kìlómítà 34 lọ. Ìrèké ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ilẹ̀ náà gbìn, ìran àwọn tí a kó lẹ́rú láti Áfíríkà sì ni ó pọ̀ jù nínú àwọn ará ibẹ̀ títí di òní olónìí. Àwọn ọ̀gá òyìnbó ni ó gbé kíríkẹ́ẹ̀tì débẹ̀, tí wọ́n sì fi ṣe fàájì ara wọn. Àwọn ọmọ ẹrú ni ó gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́, tí wọ́n fi igi tí wọ́n gbẹ́ fúnra wọn gbá a ní etíkun àti ní àdúgbò, títí ó fi di ohun tí wọ́n fi ń dá ọ̀gá àtijọ́ lóhùn níwájú gbogbo ayé. Láti erékùṣù bíńtín yìí ni Garfield Sobers ti jáde, ẹni tí àwọn onímọ̀ eré náà kà sí ọ̀kan nínú àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ láyé. Láti ibẹ̀ náà ni Wes Hall àti Charlie Griffith, àwọn ajùbọ́ọ̀lù tí ẹ̀rù wọn ba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1963, ti wá.

Ní Bridgetown, olú-ìlú Barbados, ni a bí Marshall ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 1958. Ọlọ́pàá ni bàbá rẹ̀, ó sì mọ kíríkẹ́ẹ̀tì gbá dáradára, ṣùgbọ́n ìjàm̀bá ojú ọ̀nà pa á nígbà tí ọmọ náà ṣì wà ní ọmọ ọdún kan. Bàbá àgbà rẹ̀ ni ó di báàtì lé e lọ́wọ́, tí ó sì fi bí a ti ń ṣe é hàn án. Sobers ni ọmọdé náà fẹ́ fìwà jọ, báàtì gbígbá ni ó sì kọ́kọ́ wù ú. Èyí kò ní jẹ́ kí ó yà wá lẹ́nu pé nígbà tí ó di ajùbọ́ọ̀lù tán, ó mọ ohun tí ń lọ nínú ọkàn oníbáàtì ju bí ọ̀pọ̀ ajùbọ́ọ̀lù ti mọ̀ ọ́n lọ.

Iṣẹ́ ni ó ń ṣe nínú ilé ìkẹ́rùsí ní ilé iṣẹ́ ọtí Banks nígbà tí ó gbọ́ lórí rédíò ní ọdún 1978 pé wọ́n ti mú òun mọ́ àwọn tí yóò lọ gbá Test ní Íńdíà. Ọmọ 20 ọdún ni, eré ńlá kan ṣoṣo ni ó sì tíì gbá fún Barbados. Bí kò bá jẹ́ ti Kerry Packer, olówó ilẹ̀ Ọsirélíà tí ó ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, tí ó ti fi owó kó àwọn akọni eré náà lọ sínú ìdíje tirẹ̀ láti ọdún 1977, kò sí bí irú ọmọdé bẹ́ẹ̀ ṣe lè rí ẹsẹ̀ wọlé nígbà náà, nítorí àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ ni ìbá kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé òun kò mọ ibi tí Íńdíà wà. Ó lọ, kò sì rí nǹkan gidi mú bọ̀: ilẹ̀ ibẹ̀ le koko, oòrùn mú hanhan, àwọn oníbáàtì Íńdíà sì fi í kọ́gbọ́n. Nígbà tí àwọn tí Packer kó lọ padà, ó ní láti jókòó sẹ́yìn kí ó máa wo àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ gan-an wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1979 ni ẹgbẹ́ Hampshire ní gúúsù ilẹ̀ náà gbà á láti rọ́pò Andy Roberts ọmọ Antigua, ó sì bá wọn gbé títí di ọdún 1993. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, nínú òtútù, nínú ọ̀rinrin, lórí ilẹ̀ tí kò jọra láti ìlú kan dé ìkejì. Ẹni tí ó bá gbójú lé eré sísá nìkan, yóò ti rẹ̀ ẹ́ kí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó parí. Níbẹ̀ ni Marshall ti wo bọ́ọ̀lù ọwọ́ rẹ̀ fínnífínní. Ojú rírán kan yí bọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì po. Bí ajùbọ́ọ̀lù bá jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kan máa dán, tí ẹ̀gbẹ́ kejì sì ha, afẹ́fẹ́ kì í gba ara ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kọjá bákan náà, ojú rírán náà yóò sì máa darí bọ́ọ̀lù gẹ́gẹ́ bí ìtọ́kọ̀ ti ń darí ọkọ̀ ojú omi, títí yóò fi yà kúrò lójú ọ̀nà tí oníbáàtì ti ń retí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ajùbọ́ọ̀lù mọ ọ̀nà kan tí bọ́ọ̀lù wọn ń yà sí. Marshall ń mú tirẹ̀ yà sí ọ̀tún àti sí òsì, àyà rẹ̀ yóò sì kọjú sí oníbáàtì gbangba nígbà méjèèjì, débi pé kò sí àmì kankan ní ara rẹ̀ tí a fi lè mọ èyí tí ń bọ̀. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni ó mọ àṣírí náà. Nígbà tí ó tún gba ọgbọ́n mìíràn lọ́dọ̀ Dennis Lillee, ọ̀gá àwọn ajùbọ́ọ̀lù Ọsirélíà, bí a ti ń fi ìka gé bọ́ọ̀lù kí ó lè ta gba ìhà òdì bí ó bá kan ilẹ̀, àwọn ohun ìjà rẹ̀ pé. Ní ọdún 1982 nìkan, wíkẹ́ẹ̀tì 134 ni ó gbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 1983, Íńdíà fi ojú West Indies gbolẹ̀ ní pápá Lord's nínú àṣekágbá ìdíje Ife Àgbáyé. Marshall wà níbẹ̀. Ó gbá ayò 18 kí wọ́n tó mú un kúrò, ìtìjú ọjọ́ náà kò sì tán lára rẹ̀. Nígbà tí oṣù Kẹwàá ọdún náà dé, tí wọ́n pàdé Íńdíà ní Kanpur fún Test, ó gbá ayò 92, èyí tí ó pọ̀ jù tí ó gbá nínú Test láyé rẹ̀, lẹ́yìn náà ó gba bọ́ọ̀lù ó sì kọjú sí Sunil Gavaskar, ẹni tí a kà sí òpómúléró Íńdíà. Ní ìgbà àkọ́kọ́, Gavaskar kò jẹ ayò kankan. Ní ìgbà kejì, bọ́ọ̀lù Marshall gbá báàtì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ Marshall sì hán bọ́ọ̀lù náà. Wíkẹ́ẹ̀tì 33 ni ó gbà nínú Test 6 tí wọ́n gbá ní ilẹ̀ Íńdíà lọ́tẹ̀ yìí, ní ilẹ̀ kan náà tí wọ́n ti fi í kọ́gbọ́n ní ọdún 5 sẹ́yìn.

Ní ọdún 1983 yìí kan náà ni ìdánwò mìíràn dé bá a, tí kì í ṣe ti ojú pápá. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà wà ní Gúúsù Áfíríkà nígbà náà, àwọn orílẹ̀-èdè sì ti yẹra fún wọn nínú eré ìdárayá. Nàìjíríà gan-an kò lọ sí Ìdíje Commonwealth tí wọ́n ṣe ní ìlú Edmonton ní ọdún 1978 nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn òyìnbó Gúúsù Áfíríkà wá fi owó gọbọi ra àwọn ọmọ West Indies kan kí wọ́n lè wá bá àwọn gbá. Lawrence Rowe ọmọ Jàmáíkà ni ó ṣe balógun wọn, Sylvester Clarke àti Franklyn Stephenson, àwọn ajùbọ́ọ̀lù ọmọ Barbados, sì bá wọn lọ. A kò gbọdọ̀ fi ìkanra dá wọn lẹ́jọ́, nítorí owó tí ń bọ̀ láti inú kíríkẹ́ẹ̀tì kò tó nǹkan fún ẹni tí kò bá rí ibùjókòó gidi nínú ẹgbẹ́. Wọ́n fi owó ńlá lọ Marshall náà. Ó kọ̀ ọ́. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, ọ̀pọ̀ ni ó sì ń fi ẹnu sọ ọ́. Ẹni tí owó náà wà níwájú rẹ̀ tí ó sì yí ojú kúrò ni ó mọ ìwọ̀n rẹ̀. Àwọn tí ó lọ kò tún gbá fún West Indies fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí a fi òfin dè wọ́n títí di ọdún 1989, àwọn mìíràn nínú wọn kò sì rí ọ̀nà padà mọ́ títí láé.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a dé Headingley, ní ìlú Leeds, ní oṣù Keje ọdún 1984, nítorí bí a bá sọ ìtàn Marshall tí a kò sọ ti ibẹ̀, àjànàkú ni a rí tí a ní a rí nǹkan fìrí. Test kẹta ni, West Indies sì ti borí nínú méjì àkọ́kọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní, bí Marshall ti dúró tí ó ń ṣọ́ bọ́ọ̀lù, Chris Broad ọmọ Gẹ̀ẹ́sì gbá ọ̀kan tí ó bá a ní ọwọ́ òsì, àtàǹpàkò rẹ̀ sì fọ́ ní ibi méjì. Gbogbo ènìyàn gbà pé eré ti parí fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan West Indies láti mú báàtì, tí ènìyàn 9 ti kúrò, Larry Gomes ọmọ Trinidad ṣì dúró pẹ̀lú ayò 96, ó ku 4 kí ó pé 100, èyí tí í ṣe ògo fún oníbáàtì kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá sì sí ẹni tí yóò dúró tì í ní òdì kejì, òfin ni pé ibẹ̀ ni eré wọn yóò ti dúró. Àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ti ń mú ọ̀nà ilé pọ̀n nígbà tí wọ́n rí Marshall tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ láti inú ilé, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà nínú ìdè funfun líle, báàtì wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nìkan, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ọwọ́ kan yìí ni ó fi dúró títí Gomes fi gba 100 rẹ̀ kọjá. Ọwọ́ kan yìí náà ni ó fi gbá bọ́ọ̀lù Paul Allott lọ sí etí pápá fún ayò 4, tí gbogbo ènìyàn sì bú sẹ́rìn-ín àti àtẹ́wọ́.

Ó yẹ kí ó lọ dùbúlẹ̀ lẹ́yìn èyí. Dípò bẹ́ẹ̀, ó bọ́ sójú pápá, ó sì ju bọ́ọ̀lù. Ẹni tí ń fi ọwọ́ ọ̀tún jù ú nílò ọwọ́ òsì bákan náà, nítorí apá òsì ni yóò kọ́kọ́ nà sókè láti fa ara lọ. Kò sì sí ìgbésẹ̀ kan nínú eré sísá rẹ̀ tí kò ní mi egungun tí ó fọ́ náà. Marshall dín eré rẹ̀ kù díẹ̀, ó jẹ́ kí bọ́ọ̀lù máa yà, wíkẹ́ẹ̀tì 7 ni ó sì gbà tí kò jẹ́ kí wọ́n jẹ ju ayò 53 lọ lórí bọ́ọ̀lù rẹ̀. Graeme Fowler ni ó yani lẹ́nu jù, nítorí ó gbá bọ́ọ̀lù padà sí Marshall fúnra rẹ̀, ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ kan wà nínú ìdè náà sì hán an. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì túká pẹ̀lú ayò 159. Test 5 ni wọ́n gbá ní ọdún náà, West Indies ni ó sì borí nínú márààrún, nǹkan tí ojú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò rí rí nínú ilé ara rẹ̀.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń bínú sí ọ̀nà tí àwọn ajùbọ́ọ̀lù West Indies ń gbà ṣe é, tí wọ́n ń ní orí àti egungun ìhà ènìyàn ni wọ́n ń dojú kọ. Òótọ́ ni pé bọ́ọ̀lù Marshall fọ́ imú Mike Gatting ní Jàmáíkà ní oṣù Kejì ọdún 1986, tí wọ́n ní láti dá a padà sílé fún ìtọ́jú. N kò ní fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́, nítorí ìbẹ̀rù wà lára ohun èlò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ajùbọ́ọ̀lù Ọsirélíà àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ju irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ lu àwọn dúdú fún ọdún gbọọrọ, nígbà tí kò sí akoto lórí ẹnikẹ́ni, a kò sì gbọ́ ariwo púpọ̀. Ìgbà tí òjò òkò náà yí padà ni àwọn ènìyàn rántí àánú.

Ọdún 1988 ni ó dá àwọn tí ń sọ pé ìbẹ̀rù nìkan ni ó mọ̀ lóhùn. Ó ti pé 30 ọdún, eré rẹ̀ kò sì tó ti àtijọ́ mọ́. Ẹni tí ó bá rọra pa eèrà, á rí ìfun inú rẹ̀: Marshall rọra, ó dín agbára kù, ó jẹ́ kí ojú ọ̀run ṣíṣú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá òun ṣiṣẹ́, wíkẹ́ẹ̀tì 35 ni ó sì gbà nínú Test 5, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ná an ju ayò 12.65 lọ. Ní Old Trafford, ìlú Manchester, ó gba 7, ayò 22 péré ni wọ́n sì jẹ lórí bọ́ọ̀lù rẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pátá kò jẹ ju 93. Balógun mẹ́rin ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe olórí ẹgbẹ́ wọn nínú ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo náà.

Ó gbá Test rẹ̀ tí ó kẹ́yìn ní The Oval, London, ní ọdún 1991. Wíkẹ́ẹ̀tì 376 nínú Test 81 ni ó gbé kalẹ̀, ọmọ West Indies kankan kò sì tíì ní tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń wò jù ni iye ayò tí ẹni kọ̀ọ̀kan tí ó mú kúrò ná an, 20.94. Nígbà tí ó kú, kò sí ẹnikẹ́ni láyé tí ó gba wíkẹ́ẹ̀tì 200 nínú Test tí iye tirẹ̀ kéré sí èyí.

Lẹ́yìn tí Gúúsù Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà palẹ̀, tí Nelson Mandela sì ti jáde lẹ́wọ̀n, Marshall lọ síbẹ̀ ní ọdún 1992 láti gbá fún Natal, ní ìlú Durban. Ẹnu ọ̀nà iwájú ni ó gbà wọlé, kò ní ohun kan tí yóò fi bojú. Ní ibẹ̀ ni ó ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Shaun Pollock, ọmọ Peter Pollock tí òun náà ti jẹ́ ajùbọ́ọ̀lù Gúúsù Áfíríkà nígbà àtijọ́, ó sì jókòó tì í, ó fi gbogbo ohun tí ó kọ́ ní Hampshire hàn án, kò ṣẹ́ ohun kankan kù: bí a ti ń ka ẹsẹ̀ oníbáàtì, bí a ti ń gbé bọ́ọ̀lù kan kalẹ̀ nítorí èyí tí yóò tẹ̀ lé e, ìgbà tí eré kíkan kò wúlò.

Ní ọdún 1996 ni ó di olùkọ́ ẹgbẹ́ West Indies àti ti Hampshire. Nígbà ìdíje Ife Àgbáyé ọdún 1999 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn dókítà rí àrùn jẹjẹrẹ nínú ìfun ńlá rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ṣùgbọ́n àrùn náà ti jìnnà lára. Ó gbé Connie, olólùfẹ́ rẹ̀, níyàwó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ó sì dágbére fáyé ní Barbados, ní ẹni ọdún 41. Wes Hall, òmìrán ajùbọ́ọ̀lù ọdún 1963 tí ó ti di oníwàásù, ni ó gbàdúrà sí i lórí níbi ìsìnkú, márùn-ún nínú àwọn tí ó ti ṣe balógun West Indies sì ni ó gbé pósí rẹ̀. Wọ́n sin ín sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì St Bartholomew.

Ní Kensington Oval, pápá ńlá Bridgetown, orúkọ Marshall ni wọ́n fi pe ìpẹ̀kun kan tí a ti ń ju bọ́ọ̀lù, wọ́n sì fi ti Garner pe ìkejì, kúkúrú àti gíga ń wo ara wọn. Shaun Pollock ní tirẹ̀ gbá fún Gúúsù Áfíríkà títí di ọdún 2008, wíkẹ́ẹ̀tì 421 ni ó sì ní nínú Test nígbà tí ó fi í sílẹ̀, èyí tí ó pọ̀ ju ti olùkọ́ rẹ̀ lọ, tí ó sì pọ̀ ju ti ọmọ Gúúsù Áfíríkà èyíkéyìí títí di ìgbà náà.